Òkú Ni Wọ́n Ń Wá

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́rú, Sájẹ́ǹtì Enoch gbé bàtà kan wọ ọ́fíìsì mi bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ bọ̀. Sálúbàtà aláwọ búráùn ni, ẹrẹ̀ tutù lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó sì wà nínú ọ̀rá.

"Ọ̀gá, a ti rí i! Etí kánáàlì ní Abúlé Adó. Ẹsẹ̀ kejì nìyí!"

Gbogbo àwọn tó wà nínú ọ́fíìsì hó yèè. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò ní parọ́.

Ọjọ́ kẹrin rèé tí a ti ń wá Bàbá Clement Ọmọ́tọ́ṣọ́. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Ìyàwó wọn ti kú, ọ̀dọ̀ Bímpé ọmọ wọn obìnrin ni wọ́n ń gbé nínú kílóòsì kan, òpópónà kékeré tí kò já, ní Festac. Ìtọ̀ ṣúgà ń yọ wọ́n lẹ́nu, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni Bímpé ń gún wọn lábẹ́rẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Bímpé lọ kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó fi dé, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kò sì sí Bàbá.

Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ náà, gbogbo kílóòsì ti mọ ẹni tó ṣe é.

Henry Nwáfọ̀ ni, ọmọ Ígbò tó ń ta páàtì mọ́tò ní ọjà Trade Fair, ilé rẹ̀ dojú kọ ti Bàbá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ìdìbò gómìnà fi kọjá, ọgbẹ́ rẹ̀ ò sì tíì jinná lọ́dọ̀ wa. Àwọn tí wọ́n ti jọ ń kíra wọn fún ọgbọ̀n ọdún ń gba ojú ọ̀nà kan náà kọjá láìwojú ara wọn. Fídíò kan wà tí kò gùn ju ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá lọ: àárọ̀ ọjọ́ ìdìbò, Henry di Bàbá lọ́wọ́ mú lẹ́nu géètì, ó ń pariwo pé, "Bàbá, ẹ ò ní lọ síbì kankan lónìí!" Wọ́n ní ó ń dí àgbà Yorùbá lọ́wọ́ kó má dìbò. Nígbà tí Bàbá wá sọnù, fídíò náà tún gbéra láti fóònù dé fóònù.

A ṣí búùtù ọkọ̀ Henry, a bá sálúbàtà Bàbá níbẹ̀. A wo ìjókòó ẹ̀yìn, a rí ẹ̀jẹ̀. Henry fúnra rẹ̀ sì la ẹnu, ó dárúkọ Abúlé Adó. Èmi, Ìnsípẹ́kítọ̀ Yíwọlá Ọ̀jẹ̀túndé, tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ní téṣàn pé ojú rẹ̀ ń rí ohun tójú ẹlòmíì ò rí, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú fáìlì: "Ó jẹ́wọ́ pé Abúlé Adó ni Bàbá wà." Ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a kó ṣọ́bìrì lọ síbẹ̀, a ń gbẹ́lẹ̀.

"Yíwọlá," ọ̀gá wa pátápátá nawọ́ sí mi láti ẹnu ọ̀nà, "parí fáìlì yẹn. Lọ́la, kóòtù."

Fóònù Enoch dún. Ó tẹ ohùn tó wọlé sórí WhatsApp, gbogbo wa gbọ́ ọ. Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀dé ni, alága àwọn onílé kílóòsì náà. "Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, wọ́n ti rí bàtà kejì. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, gbogbo wa pàdé níwájú ilé apànìyàn yẹn. Ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ rẹ̀ ò ní sun ibẹ̀ mọ́jú."

"Àwọn ọ̀dọ́ Ígbò láti Satellite Town ti fèsì," Enoch sọ, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Wọ́n ní àwọn á ti wà níbẹ̀ kó tó di mẹ́rin."

Bí nǹkan ṣe ń lọ yìí, òkú kan ò ní tó.

Mo fa dúrọ́ọ̀, mo mú bàtà inú búùtù jáde, mo tò ó ti èyí tí Enoch mú wá kí n lè ya fọ́tò wọn. Ọwọ́ mi dúró lófuurufú.

"Enoch, wo nǹkan yìí."

"Mò ń wò ó, Ọ̀gá. Bàtà Bàbá."

"Ẹsẹ̀ wo lèyí tí o mú wá?"

"Ọ̀tún."

"Èyí tó wà nínú búùtù ńkọ́?"

Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó yí orí sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. "Ọ̀tún," ó ní.

Láti ọjọ́ Ajé ni bàtà yẹn ti wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹsẹ̀ wo ni. Bàtà Bàbá là ń wá, a sì ti rí bàtà Bàbá.

"Èèyàn kì í wọ ẹsẹ̀ ọ̀tún méjì jáde nílé," mo ní. "Ọ̀kan nínú méjèèjì kì í ṣe ti ọjọ́ Àìkú. Èyí tó bọ́ sí Abúlé Adó ṣì rọ̀, ẹrẹ̀ rẹ̀ tutù. Èyí tó wà nínú búùtù ti gbẹ, awọ rẹ̀ ti ń là. Ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ìyẹn ni pé Bàbá ti wọ ọkọ̀ Henry rí, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láàyè."

"Ó lè jẹ́ pé Henry ti jí bàtà kan pa mọ́ tẹ́lẹ̀, Ọ̀gá."

"Kó fi ṣe kí ni?"

"Mi ò mọ̀. Ó máa ní ìdí tiẹ̀."

Mo jókòó. "Ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn, òun ló pa á torí pé bàtà méjèèjì bára mu. Ní báyìí tí wọn ò bára mu, òun náà ló pa á. Enoch, kí la lè rí láyé yìí tí wàá fi sọ pé kì í ṣe òun?"

Ó tún wo bàtà méjèèjì. "Mi ò mọ̀, Ọ̀gá."

"Èmi náà ò mọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn."

Henry jókòó sórí simẹ́ǹtì nínú sẹ́ẹ̀lì. Ojú rẹ̀ òsì ti wú débi pé ó ti pa dé. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ dán ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ Festac lọ.

"Henry, báwo ni bàtà Bàbá ṣe dé inú búùtù rẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ ti mọ̀ kẹ́ ẹ tó bi mí. Ẹ kọ èyí tó bá wù yín."

"Mo fẹ́ gbọ́ ọ."

"Ọjọ́ Àìkú náà lẹ ní ẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́. Ìgbà kẹta ni wọ́n gbá mi lójú."

Enoch tó wà lẹ́yìn mi wolẹ̀.

Mo yọ fóònù mi. Gbogbo ìbéèrè tí mo bá bi èèyàn ni mo máa ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ tiẹ̀ yìí padà láti ọjọ́ náà. Kí ni mo fẹ́ tún gbọ́? Ó ṣáà ti jẹ́wọ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn Henry ló kọ́kọ́ jáde:

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo Abúlé Adó. Ibẹ̀ ni Bàbá máa ń lọ…"

"Abúlé Adó!" Ohùn mi nìyẹn. "Níbo gan-an lo gbé e sí?"

"Mi ò gbé e síbì kankan. Bímpé mọ̀. Ẹ bi Bímpé…"

"Má fa ọmọ ọlọ́fọ̀ sí i! Ilẹ̀ lo gbẹ́ àbí omi lo jù ú sí?"

Mo pa á. *Máa ń lọ.* Ó ní ibẹ̀ ni Bàbá *máa ń* lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹni tó wà láàyè nìyẹn. Èmi, ọmọ Ọ̀jẹ̀túndé, mo gbọ́ ọ, mo yọ *máa ń* kúrò, mo kọ ìyókù sílẹ̀. Ẹni tó ń fọ̀nà hàn mí ni mo ń pariwo lé lórí.

"Ẹ má bínú," mo ní. Mi ò mọ ìgbà tí mo fi *ẹ* rọ́pò *o* lẹ́nu mi. "Kí ni Bàbá máa ń lọ ṣe ní Abúlé Adó?"

Ó wò mí pẹ̀lú ojú kan tó kù. "Wọ́n máa ń lọ mú ìyàwó wọn."

Aago méjìlá ti kọjá ká tó dé kílóòsì. Lilian, ìyàwó Henry, sáré pàdé ọkọ̀ wa, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màdáámù, ẹ ò fẹ́ gbọ́! Bímpé ló pa bàbá rẹ̀. Ẹ wo fọ́tò yìí. Ajẹ́ńtì tó ń ta ilé ló ń wọn ilé wọn yẹn, oṣù tó kọjá. Gbogbo àwa tí a jẹ́ Ígbò níbí la mọ̀. Ó pa á, ó wá fi ọkọ mi bojú!"

Mo gba fọ́tò náà, inú mi sì dùn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: inú mi dùn. Bímpé tó sọ fún mi lọ́jọ́ Ajé pé òun ò mọ nǹkan kan nípa Abúlé Adó. Ilé. Ajẹ́ńtì. Lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń so pọ̀ lórí mi, ó ń dùn bí orin. Mo ti fẹ́ sọ fún Enoch pé kó mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kí n tó dá ara mi dúró. Ìṣẹ́jú mélòó ni mo fi kúrò lórí Henry? Mo tún ti rí ẹlòmíì.

Bímpé wà ní pálọ̀, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì yí i ká. Mo ní kí wọ́n bọ́ síta. Mi ò bi í nípa ilé.

"Bímpé, irú sálúbàtà aláwọ yẹn, mélòó lo ti rà fún Bàbá lọ́dún yìí?"

Ó ṣẹ́jú. "Mẹ́ta, mà."

"Oṣù kẹrin la wà. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí wọn?"

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ẹkún náà kò tètè jáde, èjìká rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń mì.

"Wọ́n máa ń bọ́ lójú ọ̀nà," ó ní. "Orí Bàbá ti ń dàrú, mà. Wọ́n ti gbàgbé pé Mọ́mì ti kú. Ọjọ́ tí gáàsì bú, tí iná yẹn sọ ní Abúlé Adó lọ́dún 2020, Bàbá ló fi mọ́tò gbé Mọ́mì lọ sí ìsìn àárọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn á padà wá mú wọn. A ò rí nǹkan kan sin, mà. A ò rí nǹkan kan. Ní báyìí, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Bàbá ń fẹ́ lọ mú Mọ́mì wálé."

"Ọjọ́ ìdìbò kì í ṣe ọjọ́ Àìkú."

"Mọ́tò ò rìn lọ́jọ́ náà. Títì dákẹ́. Bàbá rò pé ọjọ́ Àìkú ni. Bọ̀dá Henry ló dì wọ́n mú."

"Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ọkọ̀ ńkọ́?"

"Oṣù kejì ni. Bàbá fẹsẹ̀ gbá ìgò. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Bọ̀dá Henry ti lọ gbé wọn wá."

"O mọ gbogbo èyí, o jẹ́ ká gbẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì?"

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé orí Bàbá ti dàrú. Alàgbà ni wọ́n. Mo ní kí Bọ̀dá Henry má sọ fún ẹnikẹ́ni." Ó nu imú. "Nígbà tí mo fi máa sọ̀rọ̀, wọ́n ti rí bàtà, wọ́n ti rí ẹ̀jẹ̀. Mo mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ yẹn ti wá, mà. Mo mọ̀ ọ́n! Ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́, tọ̀sán tòru, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá lẹ́ẹ̀kẹfà… bóyá ó sú u… bóyá lóòótọ́ ló pa wọ́n."

"Dìde," mo ní. "Mú abẹ́rẹ́ Bàbá dání."

Aago méjì àbọ̀ la dé Abúlé Adó. A kò mú ṣọ́bìrì. Ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà wà lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, kò jìnnà sí ibi tí a ti gbẹ́lẹ̀. Mo kí i.

"Ẹ̀gbọ́n, a ń wá bàbá àgbàlagbà kan tó ń wá ìyàwó rẹ̀."

"Bàbá Àpèkẹ́?" Kò tiẹ̀ gbójú sókè lára táyà. "Wọ́n ṣubú síbí nírọ̀lẹ́ àná. Mo gbé wọn lọ sí kílíníìkì tó wà lẹ́yìn ọ̀hún."

Bímpé figbe ta. Àpèkẹ́ lorúkọ ìyá rẹ̀.

"Àná la wà níbí!" ni Enoch wí. "Ìwọ gan-an ni mo bi!"

Ọkùnrin náà fi irin táyà sílẹ̀. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Òkú lẹ béèrè," ó ní. "Bàbá yẹn ò kú. Orí bẹ́ńṣì yìí ni wọ́n jókòó lọ́jọ́ Ajé, tí wọ́n ń wò yín bí ẹ ṣe ń gbẹ́lẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ dìde wá bá yín."

Nígbà náà ni mo rántí. Ọjọ́ Ajé, lẹ́nu okùn tí a ta: bàbá gbígbẹ kan, ẹrẹ̀ dé orúnkún, ẹsẹ̀ ọ̀tún láìsí bàtà. Ó bi mí pé kí la ń wá. Ó ní òun náà ń wá ẹnì kan. Fọ́tò Bàbá Clement tó wà lọ́wọ́ mi jẹ́ ti ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún, nínú agbádá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún dáadáa. Mo sọ fún arúgbó náà pé, "Bàbá, ẹ kúrò níbí jọ̀ọ́, iṣẹ́ ìjọba là ń ṣe." Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, ó sì lọ.

Yàrá mẹ́ta ni gbogbo kílíníìkì náà. Tèmilọlá, nọ́ọ̀sì ibẹ̀, mú wa wọlé. Omi ń kán wọ apá Bàbá, èémí wọn ń yára, ó sì ń jìn.

"Ṣúgà wọn ti ga kọjá ohun tí ẹ̀rọ wa lè kà nígbà tí wọ́n gbé wọn dé," Tèmilọlá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Dókítà ti ń gún wọn lábẹ́rẹ́ láti àná, ṣùgbọ́n kíndìnrín wọn ti ń dáwọ́ dúró. Ọsibítù ńlá tí a pè ní kò sí bẹ́ẹ̀dì. Ká ní ọjọ́ Ajé ni…"

"Ṣé o ò rí fọ́tò wọn lórí fóònù ni? Gbogbo agbègbè Amúwo ló ń pín in," mo ní.

Ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí i. Fọ́tò Henry ló wà lórí gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí fi ti Bàbá sí i.

Bímpé kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì. Bàbá lajú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n sọ fún mi, wọn ò dá mi mọ̀. "Ṣé ìsìn ti parí?"

Mo ya fídíò wọn. Bímpé kọjú sí fóònù mi, ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orí tó dàrú, ìtìjú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀ẹ̀marùn-ún tí Henry gbé Bàbá wálé. Ó pe ara rẹ̀ ní òpùrọ́. Mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, èmi àti Enoch sì fò sínú ọkọ̀.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n ti fọ́ gbogbo fèrèsé ilé Henry. Àwọn Yorùbá wà lápá kan títì, àwọn Ígbò lápá kejì, igi àti irin lọ́wọ́ tọ̀tún tòsì. Lilian àtàwọn ọmọ wà nínú ilé, a ń gbọ́ ẹkún wọn. Mo dúró láàárín, mo gbé fóònù sókè, mo fi fídíò náà sórí WhatsApp kílóòsì. Fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, gbogbo orí tẹ̀ sórí fóònù. Mo rò pé ó ti parí.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀dé ló kọ́kọ́ gbójú sókè. "Ṣé ẹ rí i? Abúlé Adó náà ló gbé wọn pamọ́ sí! Àwa ṣáà ti sọ bẹ́ẹ̀."

"Bàbá alága, ọmọ wọn ló ń sọ̀rọ̀ yẹn."

"Ẹ̀yin ọlọ́pàá lẹ fipá mú un sọ ọ́. Ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ̀rù ń bà á."

Láti apá kejì, ọ̀dọ́kùnrin kan kígbe: "Òun fúnra rẹ̀ ló lọ ju bàbá rẹ̀ síbẹ̀, torí ilé! Ó ti jẹ́wọ́ pé òpùrọ́ lòun!"

Fídíò kan náà ni. Mo wo ojú wọn, wọn ò ṣe eré, wọ́n gba ohun tí wọ́n ń sọ gbọ́. Òkúta àkọ́kọ́ kọjá létí mi. Enoch yìnbọn sókè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òjò bẹ̀rẹ̀, òjò ńlá oṣù kẹrin tí kì í kìlọ̀ kó tó dé, ó sì tú wọn ká kúrò lójú títì. Òjò ló tú wọn ká. Òtítọ́ ò ṣe nǹkan kan níbẹ̀.

A tú Henry sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo bá lọ́rì níwájú ilé rẹ̀. Lilian ń di ìkòkò mọ́ra wọn, àwọn ọmọ ń gbé ìrọ̀rí. Henry jáde pẹ̀lú àga kan lórí.

"Màdáámù, Bàbá ńkọ́?"

"Aago mẹ́fà òwúrọ̀ yìí ni wọ́n dákẹ́."

Ó gbé àga náà kalẹ̀ lójú títì, ó jókòó sórí rẹ̀, ó sì sunkún, ọkùnrin tó ga tó bẹ́ẹ̀, ó ń sunkún sókè bí ọmọdé.

Ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn dúró lẹ́nu géètì wọn, wọ́n ń wò ó. Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀dé wà lára wọn, ó fọwọ́ lẹ́rán, omi wà lójú òun náà, torí pé ó fẹ́ràn Bàbá Clement. Kò pariwo. Ó yíjú sí ẹni tó dúró tì í, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí àánú ń ṣe:

"Ẹ wò ó. Ẹ̀rí ọkàn ti mú un."